Dì àti tú: kí la ó máa pe fọ́máàtì àwòrán?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú gbé wá, ó jọ ohun kékeré, àmọ́ ó ní ẹ̀gún nínú. Ó fẹ́ lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún àwọn oníbàárà tó ń gbé fọ́tò wá láti orí iPhone, tí kọ̀ǹpútà Windows tó ń lò kì í ṣí. Ó ní kí lòun ó pe fọ́máàtì, kí lòun ó sì pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní compatibility? Ẹ̀gbọ́n wa láti Èbúté Mẹ́ta dáhùn pé kó pe àkọ́kọ́ ní ìrísí, kó pe èkejì ní ìbáramu. Ẹlòmíì ní àfòmọ́ ìparí ló tọ́ sí .jpg àti .heic (HEIC ni fọ́máàtì fọ́tò iPhone wọ̀nyí) tó máa ń kẹ́yìn orúkọ fáìlì.

Kí Ẹ̀gbọ́n má bínú, mi ò gba ìrísí. Ohun tí ojú rí ni ìrísí. Ẹ mú fọ́tò ìyàwó kan, ẹ fi pamọ́ ní JPEG, ẹ tún fi pamọ́ ní PNG, kí ẹ wá gbé méjèèjì síra wọn. Gèlè kan náà ni, ẹ̀rín kan náà ni. Inú ni wọ́n ti yàtọ̀. JPEG, tó ti wà láti 1992, máa ń gé ohun tí ojú kì í tètè fura sí dànù kí fáìlì lè kéré. PNG, tó dé ní 1996, kì í gé nǹkan kan. Bó ṣe di àwòrán náà ni yóò ṣe tú u sílẹ̀.

Ẹ ò rí i pé mo ti lo ọ̀rọ̀ méjèèjì tí mo fẹ́ dábàá. Kí fóònù tó tọ́jú fọ́tò, ó ní láti dì í. Kí kọ̀ǹpútà tó fi hàn wá, ó ní láti tú u. Fọ́máàtì wá di ọ̀nà ìdì. Bí a bá sì ń yí HEIC padà sí JPEG, àtúndì nìyẹn: a kọ́kọ́ tú u, a wá tún un dì lọ́nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún atẹ̀wé, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún JPEG dì ló tún ń pàdánù díẹ̀ sí i.

Ní ti ìbáramu, ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó ń pín ẹ̀bi dọ́gba, bí ẹni pé tọkọtaya kan ni kò gbọ́ ara wọn yé. Ẹ wo HEIC. Ní 2015 ni wọ́n kọ ìlànà HEIF tó bí i parí. Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú fọ́tò ní 2017, nígbà tí iOS 11 jáde, torí kì í gba àyè tó JPEG. HEVC, ọ̀nà ìdì tí wọ́n ṣe fún fídíò, ni wọ́n fi ń di àwòrán inú rẹ̀, HEVC sì ní àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n ń gba owó. Ìdí nìyí tí Windows 10 fi ń ní kí èèyàn lọ mú àfikún ní Microsoft Store, tí apá HEVC rẹ̀ jẹ́ dọ́là 0.99. Android ti ń tú u láti ẹ̀yà 9, ní 2018. Ẹnì kan mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, ẹnì kan kò tíì sanwó rẹ̀. Níbo ni ti "a kò bára mu" wà níbẹ̀? "Kò lè tú u" ni mo ní kí a máa wí.

Ẹnì kan ti sọ pé àwọn ará Computer Village ní Ìkẹjà ní tiwọn, pé "kò kà á" ni wọ́n ń wí. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ń wí i nípa mẹ́mórì tí fóònù kò rí rárá. HEIC yìí, kọ̀ǹpútà rí i, ó kọ́pì rẹ̀, ó mọ bó ṣe tóbi tó. Títú nìkan ló kù.

Àfòmọ́ ìparí pa mí lẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín ni wọ́n kọ́ wa pé àfòmọ́ Yorùbá ń jókòó sí. Ó kù kí fáìlì wá fún wa ní ti ìparí! Ìrù ni kí a pè é. Oníbàárà á pa .heic rẹ́, á kọ .jpg síbẹ̀, á ní òun ti tún un ṣe. Ẹ fi Notepad ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣì rí ftypheic níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmì pé HEIC ló ṣì jẹ́ nínú.

Ìṣòro kan wà nínú àbá mi o. Àwa tí a kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, "ona idi" la ó kọ, ẹ sì mọ ohun tí àwọn ọmọ Èkó máa kà sí i. Lára ògiri, ẹ jẹ́ kí àbúrò wa yẹra fún ọ̀rọ̀-orúkọ náà:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi JPEG ránṣẹ́, òun la lè tú níbí. Ẹ̀yin oní-iPhone, kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ tẹ Most Compatible."

Kó má ní kí wọ́n kàn fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp. Yóò tún un dì sí JPEG lóòótọ́, àmọ́ yóò sọ ọ́ di kékeré, kò sì ní dára lójú bánà.

Ó ku HEIF fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀nà ìdì ní pàtó: ó lè gba àwòrán púpọ̀ sínú, AVIF, fọ́máàtì àwòrán mìíràn, náà sì ń lò ó, àmọ́ AV1, ọ̀nà ìdì fídíò mìíràn, ni wọ́n fi di tirẹ̀. Àpótí ni mo fẹ́ pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.