Bí mo ṣe fẹ́ kí chat ibi iṣẹ́ wa má jáde kọjá inú ọgbà

ọmọ_mápó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bódìjà níbí, WhatsApp ni gbogbo wa fi ń bára wa sọ̀rọ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ o, orúkọ aláìsàn o, fọ́tò káàdì o, inú group kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹni tó bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀ ti kó gbogbo ẹ̀ lọ nínú fóònù ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ti ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, chat tó máa mọ sínú nẹ́tíwọọ̀kì wa nìkan lòún fẹ́. Mo ti gbé Openfire, ètò sáfà chat téèyàn lè gbé sínú ilé iṣẹ́ ara ẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà kan, ó ń ṣiṣẹ́, ráútà MikroTik la ní. Ibo ni ihò tún lè wà kí n tó ní kí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?

tẹ̀kì_dùgbẹ̀: Àbúrò, o káre tó o kọ́kọ́ bèèrè. Má ṣí port kankan (ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ kọ̀ǹpútà) láti ìta. 5222 làwọn òṣìṣẹ́ máa gbà wọlé, jẹ́ kó mọ sí àdírẹ́sì inú ilé. Èyí táwọn èèyàn kì í rántí ni 5269, torí bí ímeèlì ni XMPP, ìlànà tí Openfire fi ń ránṣẹ́, ṣe rí, ẹni tó wà lórí sáfà yín lè kọ̀wé sí ẹni tó wà lórí sáfà ẹlòmíì, ibẹ̀ ló sì ń gbà. Wọnú admin, ìyẹn ojú ìwé tó o fi ń ṣàkóso Openfire, wá Server to Server, pa á. 9090 àti 9091 tí admin ń lò, kọ̀ǹpútà tìẹ nìkan ni kó lè débẹ̀, torí ní 2023 wọ́n rí ihò kan nínú Openfire (CVE-2023-32315 ni nọ́ńbà ẹ̀) tó ń jẹ́ kí ẹni tí ò ní password ṣe bí admin, inú version 4.6.8 àti 4.7.5 ni wọ́n ti dí i, wo version tìẹ dáadáa. Wi-Fi tẹ́ ẹ ń fún aláìsàn ńkọ́? Ya ìyẹn sọ́tọ̀ pátápátá.

nọ́ọ̀sì_alẹ́: Mi ò gbọ́ ti port o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Tí dókítà tó wà lórí call bá ti sùn sílé ní Àpáta, tí aláìsàn sì yí padà láàárín òru, báwo ni chat yín ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Tí ò bá dé ibẹ̀, WhatsApp náà la máa padà sí, kì í ṣe pé a fẹ́ rúfin, ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ wa.

waya_challenge: Òótọ́ lẹ sọ mà. VPN, ọ̀nà àdáni tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọnú nẹ́tíwọọ̀kì yín, ló máa yanjú ìyẹn, MikroTik tó bá ti wà lórí RouterOS 7 (ètò tó ń darí ráútà náà) ní WireGuard, irú VPN kan, nínú, port kan péré lẹ máa ṣí fún un, kí dókítà kọ̀ọ̀kan ní key tiẹ̀, ẹni tó bá lọ, ẹ pa key ẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì bóyá public IP, àdírẹ́sì tó jẹ́ tiyín nìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ ní, torí tó bá jẹ́ ti 4G lẹ ń lò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa yín pọ̀ mọ́ àwọn míì sórí IP kan, ẹni tó wà níta ò ní lè kan ráútà yín rárá. Kẹ́ ẹ sì gbé sáfà àti Wi-Fi sórí inverter. Tí dátà bá tán, chat inú ilé á ṣì máa lọ, tí iná bá lọ ni wàhálà.

tẹ̀kì_dùgbẹ̀: Mo fara mọ́ ọn, port WireGuard yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó gbẹgẹ́, ọ̀gá yín ò ṣàṣejù rárá.

ọmọ_mápó: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pa Server to Server, Wi-Fi àlejò ló kàn. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní rí mi kí n yọ WhatsApp kúrò kí VPN dókítà tó dúró dáadáa. Ọ̀la ni màá pe àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì nítorí IP.