"Àdàkọ" kọ́ niṣẹ́ Myra Hess

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá gba orin ìgbà Baroque (bí ọdún 1600 sí 1750 nílẹ̀ Yúróòpù) lẹ́nu àwọn akọrin, tó sọ ọ́ di ohun tí ẹyọ ẹnì kan lè fi píánò dá ṣe, kí la ó máa pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n wa ní "àdàkọ". Àbúrò kan ní "àtúntò". Ẹ má bínú, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn. Àdàkọ lohun tọ́mọ iléèwé ń ṣe tó bá ń yọjú wo ìwé ẹnì kejì. Ní ti àtúntò, àwọn olóṣèlú ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ni yóò rò pé a ń sọ.

Ẹ wo orin kan nínú kàǹtátà (orin ìjọ gígùn fún akọrin àti ohun èlò orin) tí Bach, olórin ará Jámánì, ṣe ní Leipzig ní 1723, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ Bach jẹ́ BWV 147. Àwọn akọrin ohùn mẹ́rin á kọ ìlà kan, wọ́n á dákẹ́. Ohun èlò orin á máa sáré mẹ́tamẹ́ta lọ ní tirẹ̀, ohùn kéékèèké mẹ́ta mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn. Ní 1926 ni èyí tí Myra Hess, obìnrin atẹpíánò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún píánò jáde ní ìlú Òyìnbó. Akọrin lè di ohùn mú títí èémí á fi fẹ́ tán. Píánò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí òòlù inú rẹ̀ bá ti lu wáyà báyìí, ohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Hess wá gbé ohùn akọrin sí àárín, ó jẹ́ kí eré mẹ́tamẹ́ta yẹn máa ṣàn lórí rẹ̀, kí etí má baà mọ ìgbà tí ohùn kú. Ìka tó ń kọrin gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju àwọn ìka yòókù lọ, lọ́wọ́ kan náà! Ṣé àdàkọ nìyẹn?

Ohun tí èmi mú wá ni "orin àfidùùrùkọ", ìyẹn orin tí a fi dùùrù kọ; píánò ni mo pè ní dùùrù níbẹ̀. A kúkú ń sọ pé onílù fi dùndún ki oríkì, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ó dà á kọ.

Mo mọ ibi tó ti máa dùn yín. "Kọ" ni ti ìwé, "kọ" náà ni ti orin, ẹnì kan á sì ní píánò la fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí: Hess fi gègé kọ ọ́, ẹni tó jókòó ti píánò ń fọwọ́ kọ ọ́. Dùùrù gan-an ló ń dà mí láàmú. Dùùrù Dáfídì, títa ni. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, títẹ̀ ni, ohùn tiẹ̀ kì í sì í kú níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ pe "àfipíánòkọ" wò, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń há lẹ́nu.

Atẹdùùrù àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ tójò ò jẹ́ káwọn akọrin dé, ohun tó sọ fún ọmọ tó ń kọ́ ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé, "Wọn ò wá? Fọwọ́ kọ ọ́." Ǹ bá mú àfọwọ́kọ wá, bí kì í bá ṣe pé ìwé ti gba ìyẹn.