Òfin ìjọba wo ló ti dé ẹnu ọ̀nà ilé yín rí?

Ọmọ Ìdẹ́nà, Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ojoojúmọ́ là ń jà níbí lórí ẹni tó wọlé ìbò àti ẹni tí wọn ò jẹ́ kó díje. Lónìí, tiyín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Òfin wo ni ìjọba ṣe tó kàn yín lára, nínú ilé, lọ́jà, lórí ilẹ̀ bàbá yín? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Lọ́dún 2018, ìjọba Benin wa níbí ní ká máa san fáràn 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wọ Facebook tàbí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Gàbọ́n nígbà náà, orí WhatsApp nìkan ni màmá wa ti ń gbóhùn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo títí ìjọba fi fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ará Ìgólò
Bodè 2019. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú mi á tún bàjẹ́.

Ìyá Aláǹkárá, Àjàṣẹ́
Tèmi gùn, ẹ fara balẹ̀. Ọkọ àbúrò mi kú. Ìyàwó kejì ni àbúrò mi. Wọ́n ṣe ìdána, wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Ṣùgbọ́n ọkọ yìí ò mú un lọ sí mẹ́rì rí, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Ìyàálé ni wọ́n jọ lọ, òun ló nìwé ìgbéyàwó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, wọ́n bi àbúrò mi pé ìwé dà? Ó ní yìgì. Wọ́n ní ìjọba ò mọ yìgì. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ tajà láti orí tábìlì kékeré etí títì títí ó fi di ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n wí fún bẹ́ẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ jogún, torí orúkọ bàbá wọn wà nínú ìwé ìbí. Àfi àbíkẹ́yìn tí wọ́n bí sí abúlé, tí ẹnikẹ́ni ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà! Bí ẹ bá rí ojú ọmọ yẹn, ẹ ò ní béèrè ẹni tó bí i. Ó di ká máa wá ẹlẹ́rìí kiri, ká máa lọ ilé-ẹjọ́, kí wọ́n tó kọ ìwé tó dípò ìwé ìbí fún un.

Tíṣà Àjàṣẹ́
Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Òfin ìdílé ti 2004 nìyẹn. Àwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ fẹ́ fàyè sílẹ̀ kí ọkùnrin yàn bóyá ìyàwó kan ni tàbí púpọ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ ló kọ̀ ọ́ ní 2002, ó ní tọkùnrin tobìnrin dọ́gba, obìnrin ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ọkọ púpọ̀. Láti 2004, ìyàwó kan, níwájú mẹ́rì, ni ìjọba ń kọ sílẹ̀. Ní Senegal, òfin 1972 tiwọn ní kí ọkùnrin sọ èyí tó bá yàn, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Tunisia, wọ́n ti fòfin de ìyàwó púpọ̀ láti 1956. Bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní ìlú méjèèjì.

Alùfáà Kékeré
Ẹ fi Tunisia sílẹ̀, Tíṣà. Ìjọba tiwa mọ̀ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí wà. Lójoojúmọ́ ló ń gba owó ọjà lọ́wọ́ wọn. Tó bá wá kan ogún, á ní òun ò mọ̀ wọ́n.

Ìyàwó Kan Tó
Alùfáà, ọkùnrin tó fẹ́ méjì tó mú ọ̀kan lọ sí mẹ́rì ni kí ẹ bá wí.

Alùfáà Kékeré
Mo bá òun náà wí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá wa ló gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà? Èdè Fáránsé ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà
Òótọ́ ni ti Fáránsé yẹn o.

Ọmọbìnrin Oko, Kétu
Èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òfin yìí kan náà. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọmọbìnrin kì í jogún ilẹ̀, pé ilé ọkọ ni tèmi. Ọkọ mi ti kú, ẹbí rẹ̀ ti gba ilé. Ilé ọkọ wo? Mo lọ béèrè ní ilé-ẹjọ́, wọ́n sọ fún mi pé bákan náà ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń jogún. Àwọn àgbà ilé pe ìpàdé. Bí mo ṣe ní mo ti dé ilé-ẹjọ́ báyìí, ohùn yí padà. Wọ́n gé ilẹ̀ fún mi. Kì í ṣe èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n gbágùúdá mi wà níbẹ̀, kaṣú mi náà wà níbẹ̀.

Ìyá Aláǹkárá, Àjàṣẹ́
Ó káre, ọmọ mi. Má tà á o.

Tíṣà Àjàṣẹ́
Ohun kan rèé tó ń dùn mí. Ní 1931, ìjọba Fáránsé gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní àṣà Dàhòmì, orúkọ tí ìlú wa ń jẹ́ nígbà náà. Ìwé yẹn ka obìnrin mọ́ ẹrù ọkọ, pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ogún. Ìwé yẹn làwọn adájọ́ ń lò títí lẹ́yìn òmìnira 1960. Tí ẹnì kan bá tún sọ pé àṣà baba ńlá wa nìyí, ẹ bi í pé ta ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òfin bí ẹni pé ó ń dáàbò bo gbogbo èèyàn. Ní oṣù kẹrin 2021, kí ìbò ààrẹ tó wáyé, àwọn ọ̀dọ́ wa dí ọ̀nà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Sójà dé, ìbọn dún, èèyàn kú. Ní 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò aṣòfin, ti ìjọba ni méjèèjì, wọ́n sì pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbò. Irú aṣòfin bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó gbèjà yín?

Ọmọbìnrin Oko, Kétu
Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó bá mi gba ilẹ̀ ti wà kí àwọn yẹn tó dé. Àwọn aṣòfin 2019 yẹn náà ló sì ya ìjókòó 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú 109.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́
Inú mi dùn sí ìjókòó 24. Ẹni tó ń pinnu orúkọ tí á wọ ìwé ìbò ni mò ń bèèrè.

Ará Ìgólò
Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti bodè. Ṣẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n Ìdírókò tó kọjú sí wa dúró di 2022. Ìrẹsì tí mo fowó ẹ̀yáwó rà, kòkòrò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lè bínú sí aṣòfin tiyín. Ìjọba tó ba tèmi jẹ́, mi ò dìbò fún un rí, mi ò sì lè dìbò lé e lọ.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà náà kò rọrùn. Kétu ni bàbá bàbá mi ti wá, Gẹ̀ẹ́sì àti Fáránsé ló fa ìlà sáàárín wa ní 1889. Nígbà bodè yẹn, ìyá mi ò débi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà
Ọ̀nà igbó wà nígbà yẹn o. Mo gbé èèyàn gba ibẹ̀.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Ìyá àádọ́rin ọdún ni kó gba ọ̀nà igbó?

Ìyàwó Kan Tó
Ìyá Aláǹkárá, ẹ má bínú, ìyàálé àbúrò yín ńkọ́? Kí lòun ṣe sí i?

Ìyá Aláǹkárá, Àjàṣẹ́
Òun ló jẹ́rìí fún àbíkẹ́yìn ní ilé-ẹjọ́. Ó búra níwájú adájọ́ pé ọmọ ọkọ òun ni. Ṣọ́ọ̀bù ni kò fẹ́ yọ̀ǹda.

Alùfáà Kékeré
Ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí?

Ìyá Aláǹkárá, Àjàṣẹ́
Àwọn méjèèjì. Wọn kì í kí ara wọn.