Mo fẹ́ lọ bẹ àwọn tí àìsàn wọn le wò lókè òkun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sí orílẹ̀-èdè tí a ò gbọ́ èdè wọn, a ó sì máa bẹ àwọn tí àìsàn wọn le wò ní ilé ìwòsàn ìjọba kan níbẹ̀. Ibùsùn ò tó, ibọ̀wọ́ ò tó, ẹbí ló ń ra oògùn, ẹbí náà ló ń wẹ aláìsàn. Mi ò fẹ́ lọ di ìdíwọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Kí ni kí n mú dání? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń jẹ̀rora tí kò sì gbọ́ èdè mi? Àwọn kan nínú wa tún ní ká máa ya fọ́tò ká lè fi tọrọ owó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àbúrò, ilé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B)? Mẹ́ta ni, ìkẹta sì sábà máa ń jẹ́ oṣù 6 lẹ́yìn àkọ́kọ́, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbéra. Inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń gbà ràn, ìbòmú pẹlẹbẹ ò lè dáàbò bò ọ́ tó; ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ni kó o wá. Bó o bá bá fèrèsé wọ́ọ̀dù ní ṣíṣí, má tì í nítorí òtútù o! Kó o tó kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, fọ ọwọ́: ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Níbi tí wọ́n bá ti ń yàgbẹ́ gbuuru, má gbójú lé sànìtáísà. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ń wúkọ́, jókòó sílé.

Alárìnkiri
Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lómi tàbí oúnjẹ láì bi nọ́ọ̀sì. Ètè obìnrin kan gbẹ débi pé ó ń bó, ẹnì kan nínú wa sì ti ṣí ìgò omi. Àṣé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ yẹn gan-an! Òwú tí wọ́n rẹ sínú omi ni nọ́ọ̀sì fún wa pé ká fi máa nu ètè náà. Ìyẹn nìkan là ń ṣe títí wọ́n fi wá gbé e. Ní ti ọ̀rọ̀, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni àti bí wọ́n ṣe ń béèrè pé "ṣé ó ń dùn yín?" Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ má sì sọ pé ara rẹ̀ á yá. Ta ló sọ fún yín?

Ayàwòrán
Mi ò fara mọ́ fọ́tò aláìsàn. Ẹni tó gbà pé ẹ̀yin lẹ máa sanwó oògùn òun, ẹnu wo ló máa fi sọ pé òun ò fẹ́? Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ ya ibùsùn tó ti já. Ó tó tọrọ owó.

Apòògùn
Ẹ má kó àjẹkù oògùn ilé dání. Láti 1996 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé oògùn tí wọ́n bá fi ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní ọdún kan ó kéré tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá, kó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti fún aláìsàn kan rí. Ẹ kọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n nílò. Ó lè jẹ́ ibọ̀wọ́ lásán.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ẹbí tó ń sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àwọn yẹn gan-an ni kó o lọ bá. Bí wọ́n bá gbà fún ọ, bá wọn jókòó ti aláìsàn kí wọ́n lè lọ wẹ̀, kí wọ́n sùn díẹ̀. Ẹni tí kò lè yíra padà, wákàtí méjì méjì ni wọ́n sábà ń yí i kí ìdí rẹ̀ má bàa di egbò. Bá wọn gbé e, àmọ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ọ́. Dírípù ni kó o má fọwọ́ kàn. Bó bá ti ń tán lọ, pè wọ́n.