Ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà, mo ní kó lọ gba ìwé dókítà wá

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá tó ń yálé gbé ni mo gbé wá. Màá kọ́kọ́ sọ tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tiyín kún un.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé àwọn ayálégbé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin kan wọlé wá lórí àga onítáyà. Ó fẹ́ ká ya ibi ìgbọ́kọ̀sí kan sọ́tọ̀ fún òun lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tó fẹ̀ tó kí òun lè ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò tán kí àga lè bọ́ sílẹ̀. Níbi tó ń gbọ́kọ̀ sí, mọ́tò ẹlòmíràn máa ń há a mọ́, á wá jókòó nínú oòrùn Texas títí onímọ́tò á fi dé. Mo na fọ́ọ̀mù sí i, mo ní kó lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ dókítà pé lóòótọ́ ni kò lè rìn.

Kò bínú. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ká bébà náà sí méjì, ó fi sábẹ́ itan, ó yí táyà rẹ̀ padà. Ọ̀gá mi ló sáré tẹ̀ lé e lọ bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí títí di òní.

Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti Fair Housing Act, òfin Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n má ṣe ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é, 1988 ni wọ́n fi àwọn àkàndá kún un. Bí àìlera bá hàn sójú, tí ìdí tó fi ń béèrè náà sì hàn, a ò gbọdọ̀ béèrè ìwé. Bí kò bá hàn, a lè ní kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ ọ́ pé ó nílò nǹkan náà, ó parí síbẹ̀. Fáìlì ọsibítù kò kàn wá. Ajá tó ń mú afọ́jú rìn, a kì í gba owó ẹran ọ̀sìn lórí rẹ̀. Bí ohun tó béèrè bá wúwo ju agbára onílé lọ, ká jọ jókòó wá ọ̀nà mìíràn ni.

Ìdádúró ló burú jù lójú tèmi. Onílé tó bá ní "màá pè ọ́ padà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti kọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Agége:
Ẹ ṣeun, mà. Rọpárọsẹ̀ ló mú mi ní kékeré, igi méjì ni mo fi ń rìn. Ìsàlẹ̀ ni yàrá mi wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ẹnu ẹ̀rọ omi wà, àtẹ̀gùn mẹ́rin la ó sọ̀ ká tó débẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì di igi mú, ọwọ́ wo ni yóò fi gbé kẹ́ẹ̀gì? Mo ní kí lańlọ́ọ̀dù jẹ́ kí n fa páìpù dé ẹnu ọ̀nà mi, èmi ni màá sanwó. Ó ní àwọn yòókù á ní kí òun fà á fún àwọn náà. Oṣù márùn-ún la fi wà lórí rẹ̀.

Mo mọ òfin. Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2011, ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní Oṣù Kìíní 2019: ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ àkàndá dù ú lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe lańlọ́ọ̀dù lẹ́jọ́ tí yóò tún máa gbé ilé rẹ̀? Ìyàwó lańlọ́ọ̀dù ló rí mi lọ́jọ́ tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn náà. Lọ́jọ́ kejì, púlọ́ńbà dé. Kò tó ìdajì ọjọ́ tó fi ṣe é tán.

Àǹtí Peckham, London:
Ìyá ọkọ mi ò lè gbẹ́sẹ̀ wọnú bàáfù mọ́. Òṣìṣẹ́ káńsù wá wọn balùwẹ̀, wọ́n yọ bàáfù, wọ́n fi ṣáwà tí èèyàn lè rìn wọ̀ sí i. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Disabled Facilities Grant ni wọ́n fi ṣe é, ó lè tó £30,000 ní England. Kí onílé ṣáà ti gbà ni. Tiwa gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ọlọ́run á bù kún un.

Onílé kan, Ìbàdàn:
Èmi ni lańlọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ gbá tẹ́náǹtì mi kan, àga onítáyà ló fi ti ọsibítù dé. Mo ní kí bíríkìlà da kọnkéré sórí àtẹ̀gùn kó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Inú mi dùn sí i, àfìgbà tí mo rí ìyàwó rẹ̀ tó ń tì í, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, tí àga fẹ́ dojú dé. Mi ò bi wọ́n kí n tó ṣe é. Ọmọ mi tó jẹ́ ayàwòrán ilé ló wá ṣàlàyé: bí ibẹ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ọ̀nà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Tèmi ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, ó di 18.

A fọ́ ti àkọ́kọ́, a tún un ṣe. Ibi tí mo ń gbọ́kọ̀ sí ló gbà. Ìta géètì ni mọ́tò mi ń sùn báyìí.