Ẹ má pè é ní pádì agbára, òṣùká ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìjẹta lórí awọ kékeré tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní power pad, tí ẹnìkan bèèrè pé kí la fẹ́ máa pè é, tí ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé "pádì agbára", tí àǹtí wa sì ní rárá, "tìmùtìmù okùn" ló dáa jù. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Mo fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ dáadáa torí bí "pádì agbára" bá wọlé báyìí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ eré yìí á rò pé nǹkan tó ń fún bọ́ọ̀lù lágbára ni, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Okùn rákẹ́ẹ̀tì wà lóòró, ó wà níbùú. Èyí tó wà lóòró á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, á gba inú ihò kan jáde lọ́rùn rákẹ́ẹ̀tì, á yí, á kó sínú ihò kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á tún gòkè padà. Ibi tó ti yí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ihò méjèèjì sún mọ́ra, ìyípadà yẹn le, okùn náà sì ti fà le tó 50 tàbí 60 páùn, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá jẹ́ okùn tí wọ́n fi ìfun màlúù ṣe, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra tó fi di okùn, kì í fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ òun mọ́ ojú nǹkan tó mú, fọ́nrán tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti já, nígbà tí okùn àárín rákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù ò tíì ní àléébù kankan.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta okùn, ìyẹn ẹni tó ń fa okùn sójú rákẹ́ẹ̀tì, fi máa ń gé awọ pẹlẹbẹ, tí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tá á fi há ibi tí okùn ti fẹ́ yí yẹn nígbà tí okùn ṣì dẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá fà á le. Kò sí gúlúù, kò sí ìṣó, okùn fúnra ẹ̀ ló máa di awọ náà mú síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé okùn yẹn dànù lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tẹ́ ẹ sì yọ awọ náà wò, ẹ máa rí ojú ipa tí okùn tẹ̀ sí i lára, ó jìn wọnú awọ. Gbogbo ìyà tí okùn ì bá jẹ lára férémù, awọ yẹn ló jẹ ẹ́.

Pete Sampras, ará Amẹ́ríkà tó gba ife Grand Slam, ìdíje tẹ́níìsì tó tóbi jù, nígbà 14, lo irú awọ yìí. Rákẹ́ẹ̀tì Wilson Pro Staff tí orí ẹ̀ kéré ló ń lò, okùn ìfun ló wà lójú ẹ̀, ó sì máa ń ní kí wọ́n fà á kọjá 70 páùn. Nate Ferguson tó ń ta okùn fún un padà wá ṣe é fún Roger Federer, ìlúmọ̀ọ́ká agbátẹ́níìsì mìíràn, náà, awọ yẹn sì wà nínú rákẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ náà. Ṣé awọ ló wá fún Sampras ní agbára sáfù ẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò? Rárá o, apá òun fúnra ẹ̀ ni. Orúkọ tí òyìnbó fi ta ọjà lásán ni "power" yẹn, kò sí ìdí kankan tí àwa á fi ru irọ́ ọlọ́jà wọnú èdè wa, nígbà tí a láǹfààní láti sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe.

Ó wá ku tìmùtìmù. Mo mọ ìdí tí àǹtí wa fi mú un wá, awọ ni wọ́n sábà máa ń fi rán tìmùtìmù, awọ sì ni nǹkan yìí. Àmọ́ tìmùtìmù, ìjókòó ni, ẹni tó fẹ́ gbádùn ló ń jókòó lé e. Okùn rákẹ́ẹ̀tì ò jókòó o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tí Yorùbá ti ń fi sáàárín ẹrù àti ara láti ọjọ́ pípẹ́, òṣùká ni. Aláàárù tó fẹ́ gbé ẹrù lọ́jà á kọ́kọ́ ká aṣọ sórí. Òṣùká yẹn ò dín ẹrù kù, kò sì fi agbára kún ti aláàárù, kí ẹrù má bàa gé e lórí ni. Iṣẹ́ kan náà ni awọ yìí ń ṣe, kò lé, kò dín.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti sọ lánàá pé òṣùká gbọ́dọ̀ ká roboto, pé "ká" wà nínú orúkọ ẹ̀, pé awọ yìí pẹlẹbẹ ni. Ẹ gbà mí láyè kí n dáhùn. Ìyá tó ṣẹ́ gèlè ẹ̀ pẹlẹbẹ lé orí tó gbé igbá sórí ẹ̀, kí la máa ń pe gèlè yẹn nígbà yẹn? Òṣùká náà ni. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ, kì í ṣe bó ṣe rí. Kódà ewé lásán, tó bá ti wà láàárín orí àti ẹrù, òṣùká ni.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ okùn fúnra ẹ̀. Kí ló dé tá a fi ń pe é ní okùn, nígbà tí a ní ọsán? Ọsán ni okùn tí wọ́n ta sí ọrun, òun náà ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa dùndún. Okùn lè dẹ̀ sílẹ̀ kó ṣì jẹ́ okùn, ṣùgbọ́n fífà le ni iṣẹ́ ọsán. Ẹ sáà mọ̀ pé wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá, rákẹ́ẹ̀tì tí ọsán ẹ̀ já náà, igi lásán ni. Ara ẹran ni ọsán ìlù ti wá, ara ẹran náà ni ti tẹ́níìsì ti bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ Babolat tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1875, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Torí náà, òṣùká ọsán ni mo dá lábàá. Ẹni tó ní tí a ò bá fi àmì sí i àwọn èèyàn á kà á sí ọsàn tí à ń jẹ, òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i jàre, tórí àìfi àmì sí ọ̀rọ̀ kọ́ la ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ tó dáa nù.

Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ike kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ibi tí ọsán òró àti ti ìbú ti kọjá lórí ara wọn, tí Federer náà lò nígbà tó ṣì ń gbá tẹ́níìsì, kí méjèèjì má bàa máa rẹ́ ara wọn. Ìyẹn kì í ṣe òṣùká. Ẹnìkan pè é ní "alárinà", mi ò gbà, alárinà ń fa ẹni méjì sún mọ́ra ni, àwọn méjì yìí ti fara kanra jù, ohun tó ń ba ayé wọn jẹ́ nìyẹn. Onílàjà ni kẹ́ ẹ pè é, ẹni tó ń kó sáàárín àwọn tó ń jà.

Ó ku grọ́mẹ́ẹ̀tì, ike tó wà lẹ́nu ihò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì ní Òníkàn l'Ékòó, àwọn tó ń ta okùn sì ti mọ grọ́mẹ́ẹ̀tì ní grọ́mẹ́ẹ̀tì, mi ò rí ìdí tí a ó fi gbà á lẹ́nu wọn. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́, ẹ bá wa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan tí wọ́n fi ń gbá ẹnu ihò awọ kó má bàa ya, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbí.