Ṣé ìfọwọ́ra nìkan ni iṣẹ́ físíò?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oníṣẹ́ físíò (physiotherapy, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé) ń ṣe gan-an? Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ?

Èsì 1: Rárá o, ìfọwọ́ra kéré nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Wọ́n á fi goniometer, ìyẹn ohun èlò tó ń wọn ìká oríkèé, wo bí oríkèé ṣe ń ká tó, wọ́n á sì díwọ̀n agbára iṣan láti 0 dé 5. Ẹni tó bá lè gbé ẹsẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, àmọ́ tí kò lè dúró bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wà ní 3. Orúnkún tí kò ká tó ìwọ̀n 90 (degree), àtidìde lórí àga á nira.

Èsì 2: Ẹ̀kọ́ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Amẹ́ríkà, oyè DPT (Doctor of Physical Therapy, oyè dókítà nínú iṣẹ́ físíò) ni, nǹkan bí ọdún 3 lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ. Ẹ máa béèrè ìwé àṣẹ yẹn!

Èsì 3: Ohun tó ń ba ìtọ́jú físíò jẹ́ jù: bí ìrora bá ti dínkù, aláìsàn á pa eré ìdárayá tí wọ́n ní kó máa ṣe nílé tì. Iṣan kì í le lọ́jọ́ méjì, ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀yìn bá ń dunni tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí tí abẹ́ kú tipiri, ẹ má ṣe eré ìdárayá kankan. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.